Ọ̀gá Ò Wá

Òórùn tòmátì jíjẹrà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìkòsí la ti ń walẹ̀ nígbà náà, kò sì jìnnà sí ọjà Mile 12, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ láti ọ̀hún, á gbé òórùn tòmátì tó ti bàjẹ́, ata rodo àti àlùbọ́sà inú àpò wá bá wa nínú kòtò. Bí òjò bá wá rọ̀ lé e, òórùn amọ̀ tútù á gba àárín ẹ̀ kọjá, ara á sì tu èèyàn díẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi fa òórùn yẹn símú. Títí di òní, bí mo bá gba Kétu kọjá tí afẹ́fẹ́ ọjà náà sì fẹ́ sí mi, inú á ti bí mi kí n tó rántí ìdí ẹ̀.

Bí a ṣe dé ibẹ̀ rèé. Ìdílé onílẹ̀ kan fẹ́ wó ilé alámọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wọn kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Nígbà tí àwọn lébìrà ń gbẹ́ kòtò sọ́kàwéè, ṣọ́bìrì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kan ohun líle. Àpáàdì ni. Kì í ṣe àpáàdì tí ẹnìkan fọ́ dà nù o. Àwọn ará àtijọ́ ló to ó ní òòró, ọ̀kan ti èkejì, tí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá wọn kí ẹrẹ̀ má baà dà wọ́n láàmú lásìkò òjò. Ìròyìn náà dé etí Ọ̀gá mi, awalẹ̀pìtàn tó kọ́ mi ní yunifásítì, ó sì sọ fún mi pé kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé ni. Ká ní ó ní kí n fi eyín gbẹ́ ilẹ̀ náà, ǹ bá gbà.

Màmá ló fún wa láyè. Òun ló dàgbà jù nínú ìdílé náà, ìyá arúgbó kan tó ti ta ẹní ní Kétu títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó fún Ọ̀gá láyè níwájú gbogbo èèyàn, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ó fa èmi nìkan sẹ́yìn ilé, síbi igi gúáfà kan tó wà nítòsí ògiri. Ó fi igi ìtilẹ̀ ẹ̀ tọ́ka sílẹ̀.

“Ibí yìí ni wọ́n sin ìyá ọkọ mi sí,” ó ní. “Tòun ti iyùn ọrùn wọn ni. Àwa tá a wà nílé nìkan la mọ̀ ọ́n. Mo fi hàn ẹ́ kẹ́ ẹ má baà gbẹ́ ẹ ni o, kì í ṣe káyé gbọ́.”

Mo ní kí n wọn ibẹ̀ kí n lè mọ ibi tí mo máa lé àwọn lébìrà jìnnà sí. Màmá fúnra wọn ló di orí téèpù mú mọ́ ògiri, èmi di ìdí ẹ̀ lọ́wọ́ dé ìdí gúáfà. Mo ya ògiri, mo ya igi náà, mo ya ojú oórì sáàárín wọn, mo sì kọ ìwọ̀n sí i. Màmá tẹjú mọ́ mi títí mo fi pa ìwé náà dé.

“Kò gbọdọ̀ kúrò nínú ìwé yẹn o, ọmọ mi.”

“Kò ní kúrò, Mà.”

Ọ̀gá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ojúmọ́ níbi ìwalẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ó ní ilẹ̀ téèyàn bá ti gbẹ́ kò ṣeé gbẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohun tá a bá kọ sílẹ̀ nìkan ló máa kù. Ó ní kí n tó kọ ohun tí a rí lójúmọ́, kí n kọ́kọ́ kọ ẹni tó wà níbẹ̀, ní ìlà àkọ́kọ́, kí n má fo ẹnikẹ́ni. Ó tún ní kí n fi nọ́ńbà sí gbogbo ojú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má baà ya ọ̀kan kí a má mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, orúkọ ẹ̀ ló ń ṣáájú lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹbí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Bí mo bá ṣí ìwé láàárọ̀, ohun tí mò ń kọ ni pé: Òòrùn mú. Lébìrà mẹ́rin. Èmi. Ọ̀gá ò wá. Mi ò fi ìbínú kọ ọ́ nígbà yẹn. Òfin iṣẹ́ ni mò ń tẹ̀lé.

Inú oṣù kẹrin la rí ohun tó dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá etí àgbàlá náà, ibi tí àgbàrá òjò ti jẹ ẹ́, mo wá rí i pé àpáàdì mìíràn wà nísàlẹ̀, tó tò ní òòró bíi ti òkè, iyẹ̀pẹ̀ tó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sì wà láàárín wọn. Àgbàlá kan lórí àgbàlá! Ìyẹn ni pé àwọn kan ti gbé ibẹ̀ rí, wọ́n lọ, ilẹ̀ bo ilé wọn, àwọn mìíràn dé, wọ́n tún tẹ́ tiwọn. Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù, mo ń sáré sọ̀rọ̀.

“Òkété ló da ilẹ̀ rú,” ó ní. “Ìwọ ṣáà máa fọ àpáàdì ẹ.”

Mi ò gbà. Èmi àti àwọn lébìrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tú àgbàlá kejì náà lẹ́kùnrẹ́rẹ́ ní ọjọ́ mọ́kànlá. Gbogbo àpáàdì ni mo fọ̀ nínú ọpọ́n, mo sá a, mo fi ìpara èékánná aláìláwọ̀ kun igun ẹ̀ kan, mo kọ nọ́ńbà sórí ẹ̀, mo tún fi ìpara náà bò ó kí nọ́ńbà má baà pa rẹ́. Ìpara yẹn ń bẹ lára èékánná mi títí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń bi mí bóyá mo ti di olùṣaralóge.

Ní ayé tá a wà yìí, iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn kì í parí sínú kòtò. Àká kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a máa ń kó gbogbo ẹ̀ sí, àtifọ́tò, àtìwọ̀n, àtàwòrán, kí ẹni tó wà n’Íbàdàn tàbí ní ìlú òyìnbó lè ṣí i, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ la sọ. Àwọn tó fi owó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ló sọ ọ́ di dandan fún Ọ̀gá pé kó kó tiwa síbẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n ṣe, èmi ló pè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tò ó. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, mo kọ ti Ọ̀gá ṣáájú, mo kọ tèmi tẹ̀ lé e, mo kọ ti lébìrà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wá fi sílẹ̀ fún un kó fọwọ́ sí i kó lè hàn síta.

Ó fọwọ́ sí i lóòótọ́. Orúkọ tiẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ìwádìí náà jáde nínú jọ́nà àwọn onímọ̀ ńlá kan, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fi ọwọ́ ara òun tú àgbàlá kejì jáde, ó dárúkọ ọjọ́ tó tú u. Kò dárúkọ mi, àní láàárín àwọn tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ ẹ̀. Lásìkò yẹn gan-an ni mo ń wá ààyè láti lọ kàwé sí i lókè òkun, mo sì ti sọ fún yunifásítì kan níbẹ̀ nínú lẹ́tà mi pé èmi ni mo rí àgbàlá kejì. Wọ́n lọ wo inú àká, wọn ò rí orúkọ mi. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ̀wé sí mi pé àwọn ò rí ẹ̀rí kankan pé mo wà níbẹ̀ rí. Èké ni wọ́n kà mí sí, ààyè náà sì bọ́.

Mo lọ bá a ní ọ́fíìsì ẹ̀. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Ó gbọ́ mi tán, ó nu ọwọ́, ó ní: “Kí lo ṣe gan-an? Ṣebí àpáàdì lo fọ̀.”

Àwọn èèyàn sọ fún mi pé kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ wa sọ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rù Ọlọ́run, àmọ́ ìwé ojúmọ́ ò sí lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọwọ́ tèmi ló wà. Mẹ́rin ni, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, Ọ̀gá ò sì béèrè ẹ̀ rí, torí kò kà á sí nǹkan. Mi ò pariwo. Mo ń kí i bí mo bá rí i, mo ń kúnlẹ̀. Mo dúró de ọjọ́ tí yunifásítì yóò gbé e sórí pèpéle kó wá sọ̀rọ̀ lórí àwárí ńlá rẹ̀, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan. Bó o bá fẹ́ kí ìṣubú igi ọ̀pẹ dún jìnnà, o ò ní gé e nígbà tó ṣì kéré.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbé ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Kétu, tí wọ́n ti ń ya àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Èmi fúnra mi ni mò ń ṣí i lójú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ò wá. Ọ̀gá ò wá. Ọ̀gá wá ní aago kan, ó ya fọ́tò, ó lọ. Ọ̀gá ò wá. Ọjọ́ mọ́kànlá tí a fi tú àgbàlá kejì, kò sí orúkọ ẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀rín ń pa mí nìkan, obìnrin tó ni ẹ̀rọ náà sì ń wò mí bíi pé orí mi ti yí.

Ìwé àkọ́kọ́ ni mo fi ṣe àṣekẹ́yìn, ìgbà náà ni mo ṣí ojú ìwé kẹtàlélógójì. Ògiri, gúáfà, ojú oórì, ìwọ̀n.

Mi ò ní purọ́ fún ẹ pé mi ò rí i. Mo rí i. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo rántí Màmá pẹ̀lú orí téèpù lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ gbogbo ojú ìwé ló ní nọ́ńbà. Bí mo bá yọ ọ̀kan ṣoṣo, Ọ̀gá á dìde, á ní, “Ẹ wò ó, ó ti ya èyí tí kò fẹ́ kẹ́ ẹ rí, ta ló mọ ohun tó tún ṣe?” Mo fẹ́ kó pé. Mo fẹ́ kó pé débi pé kò ní rí ihò abẹ́rẹ́ gbà sá lọ. Mo sọ fún ara mi pé kò sẹ́ni tó máa kàwé dé ojú kẹtàlélógójì.

Nígbà tí mo wá ń gbé e sínú àká lábẹ́ orúkọ ara mi, fọ́ọ̀mù wọn bi mí léèrè: ṣé ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kò yẹ kí gbogbo ayé rí, bí ojú oórì tàbí ibi ọ̀wọ̀? Bí mo bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn olùtọ́jú àká á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì ti apá ibẹ̀ pa. Ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn máa gbà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló sì kù kí Ọ̀gá gun pèpéle. Mo tẹ “Rárá.”

Lọ́jọ́bọ̀ náà, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Mo ti fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwa ọ̀dọ́ awalẹ̀pìtàn láàárọ̀. Ọ̀gá wọ agbádá, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè fún wa, ó ní ọwọ́ yìí náà ló tú u. Àwọn èèyàn ti ń fi fóònù han ara wọn lábẹ́ àga. Nígbà tí àkókò ìbéèrè tó, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan dìde jẹ́jẹ́. Ó ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọjọ́ tẹ́ ẹ dárúkọ yìí, mo rí ìwé ojúmọ́ ibi ìwalẹ̀ yẹn nínú àká. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹ ò wá. Ti ọjọ́ kejì ńkọ́? Wọ́n ní ẹ ò wá.” Ẹ̀rín bú. Ọ̀gá gbé omi sẹ́nu, omi dà sí agbádá. Ó wò kiri inú gbọ̀ngàn títí ojú ẹ̀ fi bá tèmi, mo sì kí i láti orí àga mi. Ká sòótọ́, mi ò tíì jẹ ohun tó dùn tó ọjọ́ yẹn rí láyé mi.

Ó pè mí nírọ̀lẹ́. “Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ ba orúkọ mi jẹ́?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa kọ ẹni tó wá, sà.”

Àwọn tó ni jọ́nà náà tún ìwádìí náà ṣe, wọ́n fi orúkọ mi àti ti àwọn lébìrà síbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ò Wá, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn lára bí oje. Alaalẹ́ ni mo ń wo iye èèyàn tó ti ṣí ìwé mi nínú àká, ó ń pọ̀ sí i, inú mi sì ń dùn. Mi ò bi ara mi léèrè ta ni wọ́n.

Ó tó bí oṣù méjì sí i tí ọmọbìnrin Màmá pè mí. Kò kí mi. Ó ní, “Aunty, Màmá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀.”

Mo bá Màmá lórí àga lẹ́yìn ilé. Ìdí gúáfà ti di kòtò, iyẹ̀pẹ̀ pupa wà kiri ilẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ilé lọ sí àsàlátù, àwọn kan ti wọlé. Wọn ò gbẹ́ ibòmíràn rárá, ibẹ̀ ni wọ́n lọ tààrà. Wọ́n kó iyùn, wọ́n fi egungun ìyá náà sílẹ̀ nínú òòrùn. Bébà kan bọ́ lọ́wọ́ wọn. Màmá ò mọ̀wé, àmọ́ wọ́n dá àwòrán náà mọ̀, wọ́n nà án sí mi.

“Àwòrán tó o yà lójú mi kọ́ rèé?”

Òun ni. Àní ibi tí ọwọ́ mi ti ṣì tí mo fi yí nọ́ńbà kan padà wà níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn Ọ̀gá fún wọn, ohun tó ṣe sí mi, ohun tó sọ, ẹ̀pà tó ń jẹ. Màmá jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ìjà yín nìyẹn,” wọ́n ní. “Kí ni ìyá ọkọ mi ṣe fún yín?”

Mo kọ̀wé sí àwọn olùtọ́jú àká lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó dá mi lóhùn ṣàánú mi, ó ti ojú ìwé kẹtàlélógójì pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ ó sọ ọ́ fún mi gbangba pé àwọn tó ti gbà á sórí ẹ̀rọ wọn ti gbà á, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn padà lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ olùtọ́jú àká yẹn ni mo wá ń ṣe lónìí. Mò ń yẹ iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn wò kó tó wọ àká, mo sì máa ń ka gbogbo ojú ìwé, àní bó tó ẹgbẹ̀rún. Àwọn ọ̀dọ́ sọ pé mo le jù. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Àwọn kan á fẹ́ kí n sọ pé mo ti dárí ji Ọ̀gá. Mi ò dárí jì í. Ó fẹ̀yìn tì láìjìyà, wọ́n ṣì ń fún un ní àga iwájú níbi ìpàdé, bí mo bá sì gbọ́ tí ẹnìkan pe orúkọ ìnagijẹ ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ọkàn mi ṣì ń tutù. Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lọ́la, màá tún un ṣe, ojú ìwé kan ṣoṣo ni màá yọ. Kó wá ní mo ya ìwé. Kó sọ ohun tó bá wù ú.

Màmá kú ní ọdún tó kọjá. Ẹnu àwọn ará àdúgbò ni mo ti gbọ́, wọn ò ránṣẹ́ sí mi. Mo ra nǹkan dání, mo lọ kí àwọn ọmọ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún mi lómi. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo bi ọmọbìnrin wọn pé níbo ni wọ́n sin wọ́n sí, kí n lè dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí n tọrọ àforíjì. Ó wo ojú mi, kò sì sí ìbínú kankan nínú ohùn ẹ̀.

“Aunty,” ó ní, “a sin wọ́n dáadáa.”

Ó sìn mí dé ẹnu géètì, ó sì rọra pa á dé. Gbogbo gbọ̀ngàn ni mo fi gbẹ̀san tèmi. Gbólóhùn kan ni àwọn ọmọ Màmá fi gba tiwọn lára mi, kò sì ta bá ẹlòmíràn.